Òṣùwọ̀n Ilé Ìwòsàn Kẹrin

Bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa títí di òní yìí, ẹ má rò pé ẹ̀bùn ló fún mi o. Ibi tí mi ò fẹ́ lọ ló rán mi lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí nígbà náà. Mo ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Ìwọ̀n àwọn ọmọ ọwọ́ láti ilé ìwòsàn márùn-ún ni wọ́n kó fún mi. Ibi tí àwọn ọmọ bá ti fúyẹ́ jù ni wọ́n ń kó mílíìkì lọ lóṣooṣù. Ibi tí ara wọn bá ti dá ṣáṣá, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn tí yóò gba mílíìkì, ọjọ́ Ẹtì sì ni ìwé náà yóò jáde.

Mo mọ kọ̀ǹpútà, mo sì gbọ́n tán lójú ara mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo ti parí ìṣirò: àwọn ọmọ ilé ìwòsàn kẹrin ki pọ́pọ́, kí wọ́n yọ wọ́n. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, mo wá ń retí ìyìn.

Ìyá Onísùúrù là ń pe ọ̀gá lẹ́yìn, nítorí pé ojú kì í kán an. Ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, lọ dúró ti òṣùwọ̀n wọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń lọ."

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀, mà? Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà."

"Ṣáà lọ."

Inú bí mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì, mo ń kùn bí oyin.

Yàrá náà tutù. Gíláàsì fèrèsé ti fọ́, páálí ni wọ́n fi dí i. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì nípọnnípọn wé e, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó gba òmíràn, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì kan náà wé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń wọ̀n wọ́n?"

"Ṣé kí n bọ́ ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò nínú òtútù yìí ni?" Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ńlá rẹ̀. Ó ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ yọ ìwọ̀n búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò. "Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà ni mo kọ ọ́ fún. Àbí ẹ kì í kàwé ni?"

Àwọn tó tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà kò tẹ ojú ewé yẹn, èmi náà ò sì béèrè. A gbé búláńkẹ́ẹ̀tì nìkan sórí òṣùwọ̀n: ẹgbẹ̀rin gíráàmù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, mo tún ìṣirò ṣe. Nínú ọgọ́ta ọmọ, mẹ́rìnlélógún ni kò tó ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n tán wà lára wọn. Apá rẹ̀ kò ju ìka mi méjì lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo pe ọ̀gá lórí fóònù, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa. "Mà, mo ti ṣàṣìṣe. Mo ti gba mílíìkì lẹ́nu àwọn ọmọ yìí."

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe, mà. Ṣùgbọ́n èsì tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ti wọ inú ìwé ọjọ́ Ẹtì."

"Kò tíì jáde. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ìwọ ni mo ń dúró dè."

Mílíìkì dé ilé ìwòsàn kẹrin lóṣù tó tẹ̀ lé e. Nínú àpilẹ̀kọ ìwádìí wa, orúkọ nọ́ọ̀sì ló ṣáájú tèmi. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òun fi gíláàsì sí fèrèsé?

Lọ́jọ́ tí mo parí, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ náà tó. "Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ rán mi lọ. Ta ló rán ẹ̀yin náà lọ nígbà tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́?"

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

"Kò sẹ́ni tó rán mi," ó ní. "Ìwé tèmi jáde tàṣìṣe-tàṣìṣe."