Àpò Kan Nínú Mẹ́wàá

Iṣẹ́ tí Níyìolúwa ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yé ìyá rẹ̀ ní Mopa títí di òní. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Jahi, ní Abuja, tó máa ń yẹ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tà wò: ṣé omi ìdọ̀tí wọn kì í ṣàn wọ odò, ṣé wọn kì í fi iná ṣòfò, ibo ni wọ́n ń da pàǹtí sí. Ẹni tó bá yege, wọ́n á fún un ní àmì ewé kan tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ara ọjà rẹ̀, kí ọkàn ẹni tó ń rà á lè balẹ̀. Níyì ni wọ́n máa ń rán lọ fojú rí i. Ojú yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù.

Lóṣù kẹfà, wọ́n rán an lọ sí Idu, sí ilé iṣẹ́ gàrí Alàgbà Festus Ọlọ́runfẹ́mi. Alàgbà yìí ti dá ọgbọ́n kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó máa ń ga bí òkìtì lẹ́yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀, tó ń rùn dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó ti ń rin ín báyìí, ó ń fún omi rẹ̀ dànù, ó ń sá a sóòrùn, ó sì ń dì í sínú àpò fún oúnjẹ ewúrẹ́. Ọgbọ́n gidi ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bẹnu àtẹ́ lu ohun tó dára. Kìkì pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Èèpo tí kò gbẹ ní májèlé, ewúrẹ́ tó bá sì jẹ ẹ́ yó, inú rẹ̀ á wú, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí ìwé àyẹ̀wò fi sọ pé kí olùyẹ̀wò mú àpò mẹ́wàá níbi tó bá wù ú nínú sítọ́ọ̀, kó tú wọn, kó sì ki ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin bọ̀ wọ́n títí dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Alàgbà Festus ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Abuja. Nígbà tí bàbá Níyì kú, òun ló wá ọkọ̀ tó gbé òkú lọ sílé, òun ló sì dúró gba àlejò bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ló kú. Bí Níyì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, "Okun o" ni Alàgbà fi kí i, ó sì fi èdè ilé béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Níyì kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹni tó ti kúnlẹ̀ fún èèyàn, báwo ni yóò ṣe dìde lẹ́sẹ̀ kan náà kó máa tú ẹrù onítọ̀hún?

Wọ́n wọ sítọ́ọ̀. Alàgbà fúnra rẹ̀ fa àpò kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó tú u. Ẹ̀rọ ní ó gbẹ. Níyì wá nawọ́ sí àwọn tó wà lẹ́yìn, lára ògiri, níbi tí òkùnkùn ṣú díẹ̀. Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Níyì, ṣé ẹrù bàbá ẹ lo fẹ́ tú wò yìí?"

Kò bínú sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

"Rárá o, sà. Ẹ má bínú, sà," ni Níyì wí, ó sì ti ẹ̀rọ bọ àpamọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó jáde ní géètì, ó kọ mẹ́wàá síbi tí wọ́n ti béèrè iye àpò tí ó tú. Ó wá fi orí ara rẹ̀ pìlẹ̀ iye ọ̀rinrin mẹ́sàn-án, ọ̀kan fi díẹ̀ ju èkejì lọ, kó lè jọ òótọ́. Ojú tì í díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa fi dé Jahi, ó ti jẹun, ó ti gbàgbé.

Lóṣù kẹjọ, ọ̀gá rẹ̀, Bùkúnmi, ní kó lọ sí Ushafa lọ ya fọ́tò àwọn tó ń fi oúnjẹ náà bọ́ ẹran, kí wọ́n lè fi sínú ìwé ọdún. Orúkọ obìnrin kan ni wọ́n fún un, Khàdíjàt Yínúsà, ọmọ Ìsẹ́yìn, ìyàwó awakọ̀ kan, tó ń sin ewúrẹ́ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Òun ló kọ́kọ́ mú oúnjẹ aláàmì ewé yìí wọ àdúgbò náà, òun ló sì ń tà á fún àwọn tó kù.

Níyì dé pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọgbà ẹran dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ewúrẹ́ mọ́kànlá, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Khàdíjàt gbé àga fún un, ó fún un lómi, ó sì ń pè é ní Àǹtí nítorí pé ọ́fíìsì ló ti wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi ju Níyì lọ.

"Ọlọ́run ló rán yín wá, Àǹtí. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Ṣé mi ò fún wọn lómi tó ni, àbí ilẹ̀ tí mo gbé àpò lé ni? Orùlé wa jò nígbà òjò ọjọ́sí."

Níyì ní kó mú àpò kan wá, èyí tí kò tíì tú. Òwú tí wọ́n fi rán an ní Idu ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀ yíká, òjò kankan kò lè wọ ibẹ̀. Wọ́n tú u. Òkè rẹ̀ gbẹ. Níyì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, ohun tó bá nísàlẹ̀ tutù, ó di mọ́ra, ó ti bu, òórùn kíkan sì bá ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára àpò náà fi hàn pé inú sítọ́ọ̀ yẹn ló wà lọ́jọ́ tí òun lọ.

Ó ti mọ̀. Kò sí ohun tó kù tí yóò tún yẹ̀ wò. Ẹ sì wá gbọ́ ohun tí ọmọ olójú àyẹ̀wò wí.

"Ẹ máa gbé e sórí pákó nígbà míì, mà. Ilẹ̀ tútù ò dáa fún un."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí, kò sì lè wo ojú obìnrin náà mọ́.

Khàdíjàt mi orí. "Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró. Ẹran àwọn tí mo tà á fún náà kú. Mo ti ń sá fún wọn láti ọjọ́ Jímọ̀. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, màá lè bẹ̀ wọ́n."

Ó yẹ kí Níyì sọ̀rọ̀ nígbà náà, kò sọ ọ́. Ó jókòó bí ère títí tí Khàdíjàt fi kó àwọn èèyàn náà dé, obìnrin mẹ́ta tí amọ̀ ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ wọn, àti bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Màlámù Mukhtar. "Sànnu, sànnu," ni wọ́n ń kí i. Ó ní "yauwa." Ọdún mẹ́fà tó ti wà ní Abuja, ìyẹn àti oókà ọjà nìkan ló mọ̀ ní Haúsá.

Khàdíjàt kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nàka sí àpò, ó ń nàka sí ilẹ̀, ó ń nàka sí àyà ara rẹ̀. Kíá ni Màlámù Mukhtar ti ń juwọ́ pé kó dìde, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sì dì í lápá mú. Kò dìde. Ó yíjú sí Níyì, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ wọ́n, Àǹtí. Àwọn ló gbà mí mọ́ra nígbà tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí."

Ó wu Níyì kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Àpò kan ni mo tú," ni ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Mẹ́wàá ló yẹ kí n tú. Ọ̀kan ni mo tú, mo sì kọ mẹ́wàá. Bó ṣe tutù láti Idu nìyẹn, ẹ̀bi yín kọ́, mà. Mo mọ̀ nígbà tí mo kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún purọ́ fún yín."

Khàdíjàt dìde, ó gbọn eékún rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò tú u?"

"Àgbà ìlú wa ló nilé iṣẹ́ náà. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Mi ò lè máa tú ẹrù àgbà níwájú rẹ̀."

Khàdíjàt yíjú sí àwọn èèyàn náà, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Níyì gbọ́ "daya", ọ̀kan, ó gbọ́ "goma", mẹ́wàá, ó mọ̀ pé kò fi ìkankan pa mọ́. Nígbà tó parí, Màlámù Mukhtar béèrè nǹkan kan, kúkúrú, láìgbé ohùn sókè. Khàdíjàt kò tètè túmọ̀ ìyẹn.

"Kí ni wọ́n wí, mà?"

"Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé àwa tó wà níbí ńkọ́, ṣé àwa kì í ṣe àgbà ni?"

Níyì mú fóònù, ó pe Bùkúnmi níwájú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n yọ àmì ewé kúrò lára oúnjẹ Alàgbà Festus lónìí, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bùkúnmi bi í bóyá ó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó ní òun mọ̀. Ó ti rò pé tí òun bá sọ ọ́ tán, ara òun á fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá arúgbó náà ṣì ń wò ó, ó ń retí èsì ìbéèrè tó bi í.

Níyì kúnlẹ̀. Omi ilẹ̀ wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó mu eékún rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ sì wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde.