Ọjọ́ Mẹ́jọ Òní

Níyì ló kọ ojú-ìwé ayélujára tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Aradagun fi ń pín ọjọ́ fáwọn aláìsàn, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Èkìtì ni wọ́n bí i sí, Ìkẹjà ló gbé dàgbà. Kọ̀ǹpútà yé e ju èdè ìyá rẹ̀ lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ "ọjọ́ mẹ́jọ òní", ètò rẹ̀ á fi mẹ́jọ kún déètì òní, á sì kọ èyí tó bá já sí jáde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù, ni Ìyá Dosi wọkọ̀ ojú omi wá láti Topo. Ojú òsì ti fọ́, ọ̀tún ń ṣú lọ. Àwọn dókítà òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ máa tó dé, nọ́ọ̀sì sì ní kó padà wá ní ọjọ́ mẹ́jọ òní. Níyì ka déètì tó jáde sí i létí: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún.

"Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe Ọjọ́rú ni?" Ìyá ń fi ìka kà á. "Òní ni ọ̀kan..."

"Ta ló ń ka òní mọ́ ọn, Ìyá?" Níyì bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ mọ ìṣirò ju ẹ̀rọ lọ ni?"

Ojú ti ìyá. Ó gbà.

Ọjọ́bọ̀ pé, ó lé tìró, ó sì gbé ẹja yíyan dé fáwọn dókítà. Wọ́n ti lọ. Àná Ọjọ́rú ni wọ́n parí. Àwọn mọ́kànlá yòókù tí wọ́n dá ọjọ́ kan náà fún ti wá, wọ́n ti ṣe tiwọn. Wọn ò tilẹ̀ wo déètì, ìka ni wọ́n fi kà á. Òun nìkan ló gba ẹ̀rọ gbọ́.

Níyì mọ ibi tó ti ṣì í lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sì ti yọ sẹ́nu ọ̀nà: "Ta ló fa èyí?"

"Ìyá ni, sà. Wọn ò gbọ́ ọ dáadáa." Ó sọ ọ́ lójú ìyá náà, ìkà ẹ̀dá!

"Ẹ má bínú," ni Ìyá Dosi wí. "Ara àgbà ni. Ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀," ni Níyì dáhùn.

"Ojú yìí ò ní dúró dè wọ́n." Ó na ẹja náà sí Níyì. "Ẹ gbà. Ẹ̀yin lẹ bá mi kà á. Mawu Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó táràrà jáde, ó ń wá ọ̀nà lára ògiri. Níyì jókòó, ó yọ ọ̀kan kúrò nínú ìṣirò rẹ̀, ó dán an wò. Déètì jáde bí ìyá ṣe kà á gẹ́lẹ́. Ó wá tú ẹja náà, ó jẹ ẹ́.