Ọwọ́ Ọ̀tún Dírẹ́bà Reluwé

Èmi Ìbílọlá kò ní sùúrù, mi ò sì ní purọ́ pé mo ní in. Ẹ béèrè nílé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣírò owó oṣù ní Oregun, wọ́n á sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nínú yàrá bàbá mi ní Agege, ó dá mi dúró.

Bàámi wa reluwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láti Ìddó dé Kánò, kò sí ibi tí irin ti tẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún kú tipiri, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Olúṣẹ̀yẹ, ọmọkùnrin tó máa ń wá na iṣan fún wọn láti ọsibítù, gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré wá, ó ní kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́. Bàámi wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo Olúṣẹ̀yẹ, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbàlagbà tó ti gbé odindi ìlú rìn, wọ́n ní kó wá máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré.

Èmi ni mo ra géèmù kan tí wọ́n fi ń wa reluwé lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìka tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í wá bíréèkì? Díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ ó ń lọ. Àfi bí iná ṣe dé lọ́jọ́ kan tagbáratagbára, tó jó kọ̀ǹpútà náà gbẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàámi ti ká ọwọ́ mọ́ àyà. Olúṣẹ̀yẹ fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ yìí ti ń gan o. Bó bá gan tán, kò sóhun tí mo tún lè ṣe sí i mọ́."

Láàpútọ́ọ̀pù tó kù nílé, ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń darí rẹ̀, torí òun la ń lò níbi iṣẹ́ wa. Windows, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tó jó, ni wọ́n sì ṣe géèmù náà fún. Ògbufọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí wọ́n ń pè ní Proton. Géèmù á sọ èdè Windows, Proton á túmọ̀ rẹ̀ fún Linux lójú ẹsẹ̀, géèmù ò sì ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Ìgbàkigbà tí mo bá rò ó ló máa ń yà mí lẹ́nu, pé àwọn tí mi ò mọ̀ rí jókòó, wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó ni géèmù fi ẹ̀ṣọ́ sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i dà kọ. Ẹ mọ àwọn máìgádì GRA Ìkẹjà, tí wọn kì í ṣí géètì àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe ọ̀gá wọn? Bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀. Bí géèmù bá bá ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ̀ṣọ́ á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì pe ilé, ìyẹn àwọn tó ni ín lókè òkun, èsì á padà wá, á sì ṣílẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo tan géèmù. Ó ṣókùnkùn, ó pòyì díẹ̀, ó kú. Mo ní ògbufọ̀ yìí ni kò gbédè. Mo pààrọ̀ Proton sí èyí tó tuntun, ó kú. Mo mú èyí tó ti pẹ́, ó kú. Mo wá èyí tí àwọn kan fọwọ́ ara wọn tún ṣe, pàbó ló já sí. Bàámi jókòó, páàdì wà lórí itan wọn, wọ́n ń wò mí. Mo tún pààrọ̀, mo tún tan án, ni ọ̀rọ̀ kan bá jáde: kọ̀ǹpútà tí a ti fi tan géèmù yìí lónìí ti pọ̀ jù, kí a padà wá lọ́la.

Kọ̀ǹpútà wo? Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Mo gbá tábìlì náà.

Ìyá mi yọjú láti kíṣìnnì, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe fún ọ?"

"Màámi, ó ń purọ́ mọ́ mi."

"Kó ṣáà má jẹ dátà mi. Mo ń ṣọ́ ọ."

Fóònù wọn, tó wà lọ́dọ̀ wọn ní kíṣìnnì, ni mo fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi kì í wọ yàrá Bàámi. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ ń ṣọ́ ọ báwo, Màámi?"

"Bí mo bá ti yọjú rí i pé ó ń ṣí báyìí, mo máa ń pa dátà ni. Bó bá kú, mà á tún tan án. O ti fẹ́ ṣeré, kí ló tún kù tó fẹ́ fi dátà ṣe? Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni mi ò pa, torí ọwọ́ mi wà nínú omi."

Mi ò lè bá wọn jà. Ta ni kì í pa dátà l'Ékòó? Èmi náà máa ń pa á kí n tó gbé fóònù sápò. Mo lọ ka ohun tí àwọn tó ń fi Linux ṣeré géèmù kọ síta, ó wá yé mi. Ojú kọ̀ǹpútà tuntun ni ẹ̀ṣọ́ fi ń wo Proton kọ̀ọ̀kan. Á pe ilé, ilé á gbọ́, kí èsì tó padà, Màámi ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi oníwàdùwàdù á tún wọ aṣọ mìíràn, ìyẹn Proton mìíràn, fún géèmù, ilé á ní àlejò mìíràn tún dé.

Mo ṣàlàyé fún Màámi. Wọ́n rọra jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Látinú yàrá yìí, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lókè òkun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọ́n sì ń mọ̀ pé a pààrọ̀ aṣọ fún un?"

"Wọ́n ń mọ̀."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," Màámi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Wọ́n nu ọwọ́ nù kí wọ́n tó gbé fóònù náà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo mú Proton kan ṣoṣo, mi ò pààrọ̀ ohunkóhun. Màámi di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọn ò jẹ́ kí ìka wọn kan ojú rẹ̀. Mo tan géèmù. Ó ṣókùnkùn, ó ń pòyì, ó ń pòyì. Nígbà tó yá, ojú irin yọ. Òjò ìlú tí a ò dé rí ń rọ̀ sára wíńdò ọkọ̀ náà, pápá tutù lọ réré, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí láàpútọ́ọ̀pù ní Agege. Orí mi wú.

Mo gbé páàdì sọ́wọ́ Bàámi. Ìka wọn ò mira. Mo dúró, kò mira. Ẹ̀rù bà mí gidi pé a ti pẹ́ jù. Iná ojú irin wá yí padà sí àwọ̀ ewé, Bàámi tẹ̀ síwájú lórí àga, ìka ọ̀tún sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Reluwé gbéra. Màámi ń pe Jésù wúyẹ́wúyẹ́.

Wọ́n wà á dé ibùdókọ̀, wọ́n dá a dúró geerege, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ń wo àwọn èrò tó ń wọlé, wọn ò ṣe nǹkan kan. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo na ọwọ́ kí n bá wọn ti ilẹ̀kùn, kí ọkọ̀ máa lọ.

Bàámi gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Dúró," wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ó jáde. "Èrò ò tíì wọlé tán."

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ìka máràrùn-ún ló pa dé, wọ́n fún mi mọ́lẹ̀ débi pé eegun mi ń dùn mí. Mi ò wo géèmù mọ́. Màámi ní kí ló dé tí mò ń sunkún. Mo ní Bàámi ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, ó ń dùn mí.

"Ṣé kí n gbà ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n má dán an wò.