Ìwé Kẹtàlá fún Ọkọ̀ Àga Méjìlá

Ìwé kẹtàlá... níbo ló ti wá? Àga méjìlá ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi Makun-Omi. Èmi ni mo kọ iye náà sínú ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe fún títa ìwé ọkọ̀, mo sì tún fi ojú ara mi ka àga náà létí omi, méjìlá géérégé. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, méjìlá. Síbẹ̀ èèyàn mẹ́tàlá ló mú ìwé lọ́wọ́ wá, tí méjì nínú wọn di àga kìíní mú, tí kálukú ní tòun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta!

Àdíját, rọra. Rọra ronú. Iná wà, fáànù ń fẹ́, gààrí ń rin nínú abọ́, ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán Àgọ́-Ìwòyè ò dára tó báyìí láti ọjọ́ mélòó kan. Inú mi ò bàjẹ́, ká sọ tòótọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Àǹtí Ìbíkẹ́ ni.

Àwọn méjì ló ń ta ìwé ọkọ̀ létí omi. Àǹtí Ìbíkẹ́ ní tábìlì òkè, Jùwọ́nlọ ní tábìlì ìsàlẹ̀, kálukú pẹ̀lú fóònù tí ètò mi wà lórí rẹ̀ àti ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde. Ìwé méjì jáde fún àga kìíní. Mo yẹ àkọsílẹ̀ wò: orúkọ Jùwọ́nlọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ti Àǹtí Ìbíkẹ́ — òfo. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, òfo. Ni Bàbá Oyèbọ̀dé, alága àwọn ọlọ́kọ̀, bá yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn: "Ṣé kì í ṣe pé obìnrin yìí ń tẹ ìwé ayédèrú ni?"

Kí ni mo wí? Mo ní, "Bàbá, mo ti yẹ ètò náà wò. Kò sí àléébù kankan lára ẹ̀."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ìpàdé ọ̀la ni wọ́n á ti yọ ọ́ pátápátá. Obìnrin tó ju mí lọ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ń fún mi ní ẹja yíyan ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀, tó ní mo ti gbẹ jù...

Mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́! Mo ní olùṣọ́ kan. Irinṣẹ́ ni, ó máa ń bá ètò rìn bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń wo ọwọ́ tó kan nǹkan àti ìgbà tó kàn án. Mo fún olùtàwé kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ètò náà. Bí ọwọ́ méjì bá kan ohun kan náà tí kò sí kọ́kọ́rọ́ tó ń dá ọ̀kan dúró de èkejì, olùṣọ́ á figbe ta. Mo tú u sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, láti àárọ̀ dalẹ́. Kò tilẹ̀ wúkọ́. Inú mi dùn débi pé mo gun ọ̀kadà lọ ra òjòjò jẹ ní ìlú Òrù.

Kò wúkọ́ nígbà náà. Kí ló dé tí mo tún ń...

Ohùn Àǹtí Ìbíkẹ́ lórí fóònù lánàá. Kò pariwo, kò ṣépè. Bóyá ká ní ó ṣépè ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. "Àdíját, o mọ̀ pé a kì í ta ìwé kí Bàbá tó ṣe àdúrà tán. Bi Jùwọ́nlọ. Ìka wa lórí fóònù la fi ń dúró de Àmín."

Ìka wa lórí fóònù.

Dúró ná. Ọkọ̀ wo nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà ni ìwé kẹtàlá ti jáde? Àkọ́kọ́. Ti ìgbà kejì ńkọ́? Àkọ́kọ́ náà ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta... yé! Ọkọ̀ àárọ̀ ni gbogbo wọn! Lẹ́yìn àdúrà!

Èmi náà ti dúró síbẹ̀ rí. Bàbá Oyèbọ̀dé nínú aṣọ funfun, kò wọ bàtà, ó ń gbàdúrà fún omi, ó ń gbàdúrà fún ẹ́ńjìnnì, fún aya tó wà nílé àti ọmọ tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Àdúrà rẹ̀ kì í kúrú. Mùsùlùmí ni mí, mo sì ń ṣe Àmín bíi tiwọn, ta ni kò fẹ́ gúnlẹ̀ láyọ̀? Lẹ́yìn náà ni Àmín ńlá tó gbẹ̀yìn, tí awakọ̀ á kígbe pé ká máa lọ, "Ẹ jẹ́ á yún o!" Ìka méjì á sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ńkọ́, nínú yàrá mi níbí? Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Mo tún fi ìka kan náà tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú olùṣọ́ nìkan ni olùṣọ́ lè rí. Ẹni tó dá jókòó sílé, ta ni yóò bá a du àga?

Fóònù mi rèé. Fóònù àtijọ́ Aaliyah àbúrò mi rèé. Àwọn méjèèjì lórí itan mi, àtàǹpàkò kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùṣọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bismillah. Mo mọ̀ pé aládùúgbò á rò pé mo ti ń ya wèrè, àmọ́ ó yá —

Àmín!

...Ó ń fà. Bí olùṣọ́ bá ti ń bá ètò rìn, ẹsẹ̀ ètò máa ń wúwo. Àga kìíní jáde. Àga kejì jáde. Wọn ò kọlu ara wọn rárá, ó tà á dáadáa. Háà, ṣé asán ni mo...

Ó figbe ta! Wò ó, ó figbe ta! Kò dúró de ìgbà tí aburú bá ṣẹlẹ̀. Ó ní: ọwọ́ kejì ń ka iye àga ní ìlà kejìdínláàádọ́rùn-ún, ọwọ́ kìíní kọ ọ́ ní ìlà kọkànléláàádọ́rùn-ún, kò sí kọ́kọ́rọ́ láàárín wọn. Ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì lè bá àga méjìlá nílẹ̀, kí àwọn méjèèjì mú àga kìíní, kí ẹni tó kọ kẹ́yìn pa orúkọ ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. Tábìlì Àǹtí Ìbíkẹ́ ló sún mọ́ Bàbá jù. Òun ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tirẹ̀ náà ló ń parẹ́.

Alihamudulilahi! Ẹ̀rín ń pa mí. Ìlà méjì péré ni mo kọ: gba kọ́kọ́rọ́, dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á ti ilẹ̀kùn, èkejì á dúró díẹ̀. Àmín. Olùṣọ́ dákẹ́. Àmín, Àmín, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ó dákẹ́. Ara mi fúyẹ́, mo lè jó.

Kí n kọ̀wé sí Bàbá. "Ẹ káàsán sà. Ètò yẹn ní àléébù díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti tún un ṣe." Ó dára. Ó mọ́. Kí n tẹ̀ ẹ́ kó lọ...

Ètò yẹn ní àléébù. Bí ẹni pé ètò ló bí ara rẹ̀. Ta ló kọ ìlà méjèèjì tí kò ní kọ́kọ́rọ́ láàárín? Ọwọ́ ta ni? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbàlagbà ń bẹ̀ mí, ó ń fi Ọlọ́run búra, mo wo àkọsílẹ̀, mi ò rí orúkọ rẹ̀, mo ní kò sí níbẹ̀. Kí ló dé tí mo tètè gbà? Nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́. Ara mi ni mo gbà gbọ́ níjọ́ náà, mo pè é ní ẹ̀rọ.

Mo pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Kì í ṣe Bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Inú mi ṣì dùn, ó yà mí lẹ́nu. Ojú ń tì mí, inú mi sì dùn. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ìlà, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́. Gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu mi, ó sì ti tó: Àǹtí Ìbíkẹ́, èmi ni mo ta àga yẹn lẹ́ẹ̀mejì.