Ayálégbé Kọkànlá

Kí n tó sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí ìyá tó bí mi gan-an kò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò ni pé mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn. Kò kúkú parọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, kọ̀ǹpútà ńlá mẹ́rìnlá ló tò sínú yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Sáfà là ń pè wọ́n. Ọ̀kan ń tọ́jú káàdì aláìsàn, ọ̀kan ń tọ́jú fọ́tò egungun, ọ̀kan ń to àkókò iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ooru wọn sì tó í mú aṣọ gbẹ. Èmi ni mo ní kí a ra ẹ̀rọ alágbára méjì péré, kí a kó iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú wọn. Ó ṣeé ṣe. Ẹ wò ó bí ilé oníyàrá púpọ̀: òrùlé kan, ògiri kan, àmọ́ ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì gbà pé òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Èmi wá di onílé. Mo lè sún ògiri, mo lè fi àyè kún àyè fún ẹnì kan, mo lè pa iná yàrá ẹlòmíràn láì dìde lórí àga.

Agbára bẹ́ẹ̀ máa ń gun èèyàn lórí. Ó gun èmi.

Mẹ́tàlá nínú àwọn ayálégbé mi ló ní ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ìkọkànlá nìkan ni kò lórúkọ, tí kò ní ìwé, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni Bàbá Wáyà, ọ̀gá tí mo gba ipò rẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Wáyà kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó mọ̀ wà, ó sì kó o lọ sílé pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń dágbére fún un, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń lọ, ẹ bá wa fi orí yín sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mi ò pè é, òun náà ò pè mí. Mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo tún mọ̀ pé mi ò ní lọ.

Nínú iṣẹ́ wa, ọgbọ́n kan wà fún ẹ̀rọ tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Pa á, kí o sì dúró. Ẹni tó bá ni ín yóò pariwo. Mo pa Ìkọkànlá ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó pariwo. Ní Mọ́ńdè kejì, mo pa á rẹ́ pátápátá, mo fi àyè rẹ̀ kún ti fọ́tò egungun. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ilé.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé ìwòsàn wa gan-an. Kókó ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, dókítà sì ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ yóò dà púpọ̀, kí wọ́n fi àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin dè é. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ mi ní gbogbo ọdún tí ìyá wa fi ń ṣiṣẹ́ òru. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Òun náà ló máa ń sọ pé ẹnu mi ni yóò kó mi sí wàhálà.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni mo pàdé Onífíríìjì lórí àtẹ̀gùn. Bí a ṣe ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní ta ló ń bọ́ ọ.

Ó ní, "Oorun ni. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí fóònù mi ò jí mi. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ṣí fíríìjì ẹ̀jẹ̀ pẹ́ díẹ̀ báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ á ti wọlé: lọ wò ó, lọ wò ó. Àfi bíi pé mo fi fíríìjì ṣaya. Ṣé wọ́n ti tún un ṣe ni?"

"Ọjọ́ mélòó lo wí?"

"Mẹ́sàn-án. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọdún mẹ́ta máa ń kà á."

Mo kà á padà: Mọ́ńdè tí mo pa Ìkọkànlá ni. Mo di irin àtẹ̀gùn mú. Ìkọkànlá ló ń ṣọ́ fíríìjì ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni kó pariwo. Mo ti pa ẹni tó ń pariwo, mo wá jókòó, mò ń retí ariwo.

Mo bi í bóyá fíríìjì ṣì tutù. Ó ní ìwọ̀n ooru mẹ́rin ló wà, bó ṣe yẹ, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó bí òun ṣe ń wò ó láràárọ̀. Ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbóná tó tún tutù padà, ojú lásán lè má mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó lè pa ẹni tí wọ́n bá fà á sí lára. Ta ló mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án? Àpótí kékeré kan wà nínú fíríìjì tó ń ka ooru tó sì ń fi í pamọ́, ṣùgbọ́n Ìkọkànlá nìkan ló lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

A máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ayálégbé pamọ́ síbòmíràn. Mo sáré lọ sí yàrá mi, mo ní kí ẹ̀rọ dá Ìkọkànlá padà láti inú ẹ̀dà. Ẹ̀rọ ní yóò gba ogójì ìṣẹ́jú. Aago mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ abẹ.

Ó yẹ kí n pe yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Mi ò pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: iṣẹ́ mi ni mò ń rò. Mo ní bóyá kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, bóyá màá mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, kí n sì dákẹ́. Mò ń wo nọ́mbà bó ṣe ń gòkè, mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́rìnlá. 

Fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Wọ́n ti ń bọ̀ wá gbé mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lọ jẹun. Ebi tí wọ́n fi ń pa mí láti àná ti tó fún àwa méjèèjì." Ó tún ní, "Kí ló dé tí ò ń mí báyìí?"

"Kò sí nǹkan."

"Irọ́ ni. Láti kékeré lo ò ti mọ irọ́ pa." Ó sì pa fóònù.

Mo dìde. Nọ́mbà wà ní mẹ́tàlélógún. Àtẹ̀gùn méjì ló wà láàárín yàrá mi àti yàrá iṣẹ́ abẹ, mi ò rántí bí mo ṣe gùn wọ́n. Ohun tí mò ń wí lọ́kàn ni pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti ti ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu ọ̀nà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, dókítà ń fọwọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì yẹn sí i lára. Èmi ni mo pa ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Omi ń kán lọ́wọ́ dókítà. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi."

"Aláìsàn ò ní wọlé. Lọ mú ẹ̀rí wá fún mi, pé ẹ̀jẹ̀ yẹn gbóná tàbí kò gbóná."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó wò mí. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ẹ̀rù ì bá dín.

Onífíríìjì tẹ̀lé mi padà. A jókòó ti ẹ̀rọ náà títí nọ́mbà fi pé ọgọ́rùn-ún. Ìkọkànlá jí. Ó béèrè pásíwọ́ọ̀dù.

Mi ò ní i. Láti ìta ni mo ti pa á, mi ò wọ inú rẹ̀ rí. Ènìyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Mo pe Bàbá Wáyà, fóònù ò dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Fíríìjì ni, àbí?"

 Mi ò bi í bó ṣe mọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, pásíwọ́ọ̀dù." Ó pè é fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìkọkànlá gbà mí wọlé, mo ní kó ka gbogbo ohun tí àpótí inú fíríìjì fi pamọ́.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Fóònù dún nínú àpò àyà Onífíríìjì. Ó tún dún. Kò wá dákẹ́ mọ́, gbogbo ariwo ọjọ́ mẹ́sàn-án ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Onífíríìjì ń kà wọ́n, ètè rẹ̀ ń mì. Ìlẹ̀kùn ṣí, ìlẹ̀kùn tì. Ìlẹ̀kùn ṣí, ìlẹ̀kùn tì. Lẹ́yìn náà ìka rẹ̀ dúró. Kó tó la ẹnu, Bàbá Wáyà, tí kò tíì pa fóònù, ń kà á sí mi létí láti inú fóònù tirẹ̀.

"Sátidé. Aago méjì ọ̀sán sí aago márùn-ún. Ìlẹ̀kùn ò tì. Ìwọ̀n mẹ́rìnlá."

Onífíríìjì ní, "Kò tíì sí àpò kankan tó jáde láti Sátidé. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni àkọ́kọ́." Ó sáré lọ bá dókítà.

Mo kù pẹ̀lú fóònù létí. "Bàbá, ẹ ṣì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kalẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yẹn sí lára?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin."

 Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ nígbà tó dáhùn.

"Mo rí i pé fóònù mi dákẹ́ láti Mọ́ńdè yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e, mo fẹ́ pè ọ́. Mo wá rò ó pé ìwọ lo yọ nọ́mbà mi kúrò lára àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Mo ní kí ló kàn mí, wọn ò kúkú fẹ́ orí mi níbẹ̀ mọ́."

Mo ní kó má bínú. Ó ní kí èmi náà má bínú. Fóònù rẹ̀ ṣì ń dún lábẹ́ ohùn rẹ̀.