Ìwé Tí Àgbà Fọwọ́ Sí

Ẹ ti fura, ẹ ò sì ṣì í: ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà kò kà á.

Àgbà ni wọ́n ń pè é láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, ètò tí ọgọ́rùn-ún èèyàn kárí ayé jọ ń tún ṣe láìgbowó. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló sọ ọ́ di Àgbà. Ọdún méjìdínlógún tó ti ń bá wọn ṣe é ni. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó ń jẹ́ ẹ nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó pọ̀n ọ́n lẹ́yìn, nìkan ló máa ń pa lẹ́rìn-ín.

Awò ojú ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Inú kọ̀ǹpútà kan tí Àgbà fi ètò náà tò fún un ni ìwọ̀n ojú gbogbo oníbàárà wà. Láìsí i, ẹ̀rọ tó ń gé dígí kò mọ ohun tí yóò gé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà, kò jí. Ìlà funfun kan ṣoṣo ló hàn lójú dúdú rẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì, awakọ̀ kan sì wà nínú wọn tí kò lè rí ọ̀nà wakọ̀. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pe Àgbà.

"Àbúrò mi, ṣé ó kú ni?"

"Kò kú. Kọ́kọ́rọ́ ló ń wá."

Ó wá ṣàlàyé. Yàrá méjì ni irinṣẹ́ máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà: kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, fún ohun tó nílò bó bá ń jí, àti ńlá kan lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu láti kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá ńlá. Ó rọ gbogbo ayé lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà yìí, Àgbà ti gbé yàrá ńlá sórí dísíìkì ọ̀tọ̀ láyé ọjọ́sí, kí wọ́n lè rí i pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Wàyí o, àyípadà náà wọlé lóru àná, kọ́kọ́rọ́ yàrá ńlá sì ti bá ẹrù wọnú yàrá ńlá.

"Ta ló kó kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá kó tó tilẹ̀kùn?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Màmá, ẹ ta awò fún onítọ̀hún," awakọ̀ dá sí i.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ni. Èèyàn méjì ló máa ń fọwọ́ sí irú àyípadà bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ni ẹnì kejì lórí èyí.

Kò tó wákàtí kan tó fi fláàṣì jí ẹ̀rọ náà, tó dá kọ́kọ́rọ́ padà sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ì bá parí sí, ká ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Ó ní kó ṣí ibi tí wọ́n ti jíròrò rẹ̀, kí òun fọwọ́ ara òun kọ̀wé sí ẹni tó dá òun lóró. Àgbà ní ó gùn. Ẹ̀gbọ́n ní òun ní awò. Àgbà ní èdè wọn le. Ẹ̀gbọ́n ní ìwé tí dókítà kọ lòun ń kà látàárọ̀, ó sì fa àga jókòó.

Àgbà ṣí i. Ó ń yí i sísàlẹ̀ kíákíá, ojú ń tì í bíi kí ilẹ̀ lanu. Ẹ̀gbọ́n fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Dúró níbẹ̀."

Olùkọ́bìnrin kan tí Àgbà kò rí rí ló kọ àyípadà náà. Ẹ̀gbọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń yẹ ojú rẹ̀ wò:

"Mi ò ní kọ̀ǹpútà tí yàrá ńlá rẹ̀ wà lórí dísíìkì ọ̀tọ̀, n kò sì lè dán èyí wò. Nínú gbogbo wa, Àgbà nìkan ni mo mọ̀ tó ní i, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe awò. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Orúkọ Àgbà wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti fi dúró dè é ṣáájú ọjọ́ náà.