Ohùn Tó Wà Lọ́nà Kẹta

1.

…ẹ má sì ṣe yí kásẹ́ẹ̀tì padà bí ẹ ṣe máa ń yí i nínú rédíò. Ojú rẹ̀ méjèèjì ni ẹ̀rọ yìí ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà méjì níhìn-ín, ọ̀nà méjì lọ́hùn-ún. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò.

(Ojú ewé kẹta nínú ìwé ìlànà ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ra ẹ̀rọ náà kò kà á. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń kà nínú ìwé.)

2. LÁRA ILẸ̀KÙN YÀRÁ Ẹ̀YÌN

MO Ń GBA OHÙN SÍLẸ̀. Ẹ MÁ KAN ILẸ̀KÙN. Ẹ MÁ FỌ ABỌ́.

Nísàlẹ̀, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀: *Ẹ ó jáde wá fọ tiyín fúnra yín.*

3. ORÍ TÁBÌLÌ

Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ àlòkù kan, ọlọ́nà mẹ́rin: ohùn mẹ́rin ló ń gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀.
Gìtá.
Máíkì tí wọ́n so mọ́ igi ìgbálẹ̀.
Kásẹ́ẹ̀tì kan tó bá nínú dúrọ́ọ̀. Ó gbọ́ ojú kan, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú kejì ńkọ́? Ta ló ní sùúrù?

4.

Ọ̀nà kìíní: gìtá.
Ọ̀nà kejì: gìtá tó ń dá ti àkọ́kọ́ lóhùn.
Ọ̀nà kẹrin: òòlù lórí pákó, kó, kó, kó.
Ọ̀nà kẹta: ó fi í pamọ́ fún ohùn ara rẹ̀.

Ó ti kan àga fún ogójì ọdún. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, òun nìkan di odindi ẹgbẹ́ olórin. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ.

Ó wá ṣí ọ̀nà kẹta kó tó kọrin.

nùs … ọmọ … nùs

Ohùn obìnrin. Ẹ̀yìn ló ń lọ, ó sì ń sáré.

5.

(Ibí ni ó ti sá jáde. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́.)

6. LÓRÍ FÓÒNÙ, LÁTỌ̀DỌ̀ ỌMỌ RẸ̀ OBÌNRIN

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ọmọ tuntun yìí ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ bá mi wá kásẹ́ẹ̀tì tí mọ́mì fi kọrin oorun fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà.

7.

Inú dúrọ́ọ̀ ló wà.

8.

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ẹ̀rọ, ó mú un lọ sínú rédíò àtijọ́, ó yí i sí ojú kejì; níbẹ̀, orin náà ń lọ síwájú, kò sáré mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ìdajì rẹ̀ ti lọ sábẹ́ òòlù. Ọ̀nà kẹta nìkan ló kù. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí obìnrin náà ti kọrin gbẹ̀yìn nínú ilé yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà káwọ́ lérí.

9. NÍ YÀRÁ Ẹ̀YÌN

ÌYÀWÓ: Bàbá Sísí, ta ló kú?

ỌKỌ: Mo jẹ̀bi, Ìyá Sísí. Mo ti fi òòlù kan ohùn ẹ mọ́lẹ̀.

(Ó ṣàlàyé. Àlàyé náà gùn.)

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ. (…) Háà! Ọmọdé mà ni mí o.

ỌKỌ: Mi ò ní fọwọ́ kan èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni màá fi ránṣẹ́ sí Sísí.

ÌYÀWÓ: Kí lẹ fẹ́ fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

ỌKỌ: Ohùn mi.

ÌYÀWÓ: Ẹ ra ẹ̀rọ ọlọ́nà mẹ́rin, ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ara yín sílẹ̀. Ẹ ò ní kí n wá.

ỌKỌ: O ò kọrin mọ́, ìyẹn ni mo ṣe…

ÌYÀWÓ: Ta ló bi mí?

10.

Kò sẹ́ni tó bi í. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, ọkọ rẹ̀ kò bi í rí. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkọ, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn pé ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́.

11. YÀRÁ KAN NÁÀ

(Ìyàwó ti fa àga. Ó ti sún mọ́ máíkì.)

ÌYÀWÓ: Ọ̀nà kẹta ni kẹ́ ẹ gbà mí sí, kí gìtá yín lè máa gberin mi.

ỌKỌ: Á pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ o! Jẹ́ ká ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́la.

ÌYÀWÓ: Lọ́la, ojú á ti tún máa tì mí. Ọmọdébìnrin yẹn ló kọrin fún Sísí. Èmi ni màá kọrin fún ọmọ Sísí. Ẹ tẹ̀ ẹ́.

12. FÓÒNÙ

Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí i?

13.

Ìyàwó rẹ̀ ti mí sínú.

Ìka gbẹ́nàgbẹ́nà wà lórí bọ́tìnnì. Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Kò sì gbé e kúrò.